Ṣé iṣẹ́ tó lè bọ́ èèyàn ni kéèyàn máa lé quarterback kiri?

Ìyá kan tó ń gbé ní Maryland ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 17, defensive end ló ń gbá nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níléèwé girama wọn níbí. Kóòṣì ẹ̀ ní ó lè dé NFL, dádì ẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́, pharmacy ló máa kà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni? Ọdún mélòó ni wọ́n ń lò nídìí ẹ̀, ṣé owó ẹ̀ pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, ṣé lóòótọ́ ló sì máa ń ba ọpọlọ jẹ́? Ọmọ àbúrò mi kan tún wà ní Ìbàdàn, ó ga gan-an, basketball ló ń gbá, ṣé ọ̀nà wà fún òun náà?"

Ẹ kú wàhálà ọmọ o, màmá. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Ipò tọ́mọ yín ń gbá, defensive end tí wọ́n tún ń pè ní d-end, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, NFL sì ni líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí gbowó. Àmọ́ ibi táwọn òbí rò pé iṣẹ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ draft, ìyẹn ọjọ́ táwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ tó dé fìlà tuntun, tí gbogbo ẹbí ń sunkún ayọ̀, tí ẹnì kan ti ń wá caterer, ọjọ́ yẹn ò tíì síṣẹ́ kankan o, àyè ìdánwò ni wọ́n fún un. Kọ́ńtírààkì ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹni tó bá rí ìkejì yẹn gbà ló fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹni tí ò bá rí i, owó ọdún mélòó kan ló gbà, ó sì máa wá nǹkan míì ṣe kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. NFLPA, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ọdún 3.3 ni wọ́n máa ń pè é tí wọ́n bá pín ọdún gbogbo wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kọ́ńtírààkì àkọ́kọ́ ẹni tí wọ́n mú ní draft, ọdún mẹ́rin ni. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wọn ni ò parí tàkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ wa kan, Adewale Ogunleye, torí ìtàn tiẹ̀ ni mo máa ń sọ fáwọn òbí tó bá wá bá mi létí pápá pé ọmọ àwọn fẹ́ fi d-end ṣiṣẹ́ ṣe. Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1977, ọmọ Yorùbá ni, Staten Island ló ti lọ girama, ó wá lọ sí Indiana University. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, nínú gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé yẹn kò sẹ́ni tí sack ẹ̀ tó tiẹ̀. Sack, torí dádì tí kì í wo bọ́ọ̀lù yìí, ni kéèyàn gbá quarterback mú kó dà á wólẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń díye lé d-end, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ d-end ju ìyẹn lọ, màá dé orí ẹ̀.

Sáà tó gbẹ̀yìn níléèwé ni orúnkún ẹ̀ bàjẹ́. Draft 2000 dé, wọ́n pe ọmọ tó lé ní igba, wọn ò pe tiẹ̀. Miami Dolphins ló wá mú un nígbà tí ọjà ti tú tán, lówó tí ò tó nǹkan, ó sì fi gbogbo sáà yẹn tọ́jú orúnkún láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. Ní 2001 ìdajì sack péré ló ní, ìdajì yẹn ni wọ́n máa ń fúnni tí ẹni méjì bá jọ mú quarterback kan ṣoṣo. 2002, ó ní 9.5. 2003, ó ní 15, kò sì sẹ́ni tó jù ú lọ lọ́dún yẹn ní gbogbo AFC, ìyẹn ìdajì kan nínú NFL, ni wọ́n bá mú un lọ sí Pro Bowl, ìdíje àwọn tó dáa jù. Ẹ má gbàgbé pé Jason Taylor ló wà lápá kejì fún un o, ẹni tó ti kó 18.5 lọ́dún tó ṣáájú tó fi ṣe àkọ́kọ́ ní gbogbo NFL, torí náà kò sí bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá gbá ṣe fẹ́ kó ẹni méjì méjì ti àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà lápá kejì ọmọ yín wà lára owó tí ọmọ yín máa gbà.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Ọkùnrin tó ní sack 15, owó ẹni tí wọn ò mú ní draft ló ṣì ń gbà. Restricted free agent lòfin wọn sọ ọ́ dà, ìyẹn ni pé ó lè bá ẹgbẹ́ míì sọ̀rọ̀ owó, àmọ́ Dolphins láṣẹ láti san iye tí ẹgbẹ́ yẹn bá pè kí wọ́n sì dá a dúró. Owó ọdún kan ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀. Òun àti éjẹ́ǹtì ẹ̀, Drew Rosenhaus, ní àwọn ò fẹ́, kò fọwọ́ sí i, kò sì yọjú sí camp, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ń pè é ní olójúkòkòrò. Ní August 2004 Dolphins fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago Bears, wọ́n gba Marty Booker tó jẹ́ receiver, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, àti draft pick kan, ìyẹn àyè láti mú ọmọ kan ní draft, Chicago sì fún un ní kọ́ńtírààkì ọlọ́dún gbọọrọ tó ń wá. Ìkejì tí mò ń sọ nìyẹn.

Ṣé ẹ wá mọ̀ pé kò ní 15 mọ́ láéláé? 5 ló ní lọ́dún tó kọ́kọ́ dé Chicago, 10 ní 2005, lẹ́yìn ìyẹn ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì lo sáà mẹ́fà níbẹ̀. Ó bá wọn dé Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní February 2007, Miami ni wọ́n ti gbá a, ìlú tó fìbínú kúrò, òjò ń rọ̀ yàà lé wọn lórí, Colts sì nà wọ́n 29 sí 17. Ní 2010 ó gbá díẹ̀ fún Houston Texans, ó tán síbẹ̀. Sack 67 lápapọ̀. Lónìí iṣẹ́ owó ló ń ṣe ní UBS, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó owó àwọn eléré ìdárayá àti òṣèré. Sáà 2003 nìkan ló san owó gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e. Ká ní ó fọwọ́ sí owó ọdún kan yẹn ní 2004 tí orúnkún ẹ̀ sì tún yẹ̀, orúkọ ẹ̀ ì bá máà jẹ́ ohun tá à ń dá lónìí. Èmi ò bá wọn pè é ní olójúkòkòrò o.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì gbó. Ní ìparí August 2025 bẹ́ẹ̀ náà ni Dallas Cowboys àti Micah Parsons ṣe fa wàhálà owó títí wọ́n fi gbé e fún Green Bay Packers, wọ́n gba draft pick ìpele àkọ́kọ́ méjì àti Kenny Clark, Packers sì fún un ní 188 mílíọ̀nù dọ́là fọ́dún mẹ́rin. Nínú defense, ìyẹn àwọn tó ń dí ọ̀nà, owó gọbọi wà nídìí kéèyàn máa lé quarterback ju ipò yòókù lọ. Safety tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn àti linebacker tó ń dúró láàárín kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ yín bá ní ẹsẹ̀ yíyá àti apá gígùn, kóòṣì ẹ̀ ò purọ́, ipò tó wà dáa.

Kí ni iṣẹ́ yẹn gan-an? Àwọn ọmọ máa ń rò pé agbára ni, pé kí ẹni tó tóbi kàn máa rọ́ lu ẹni tó tóbi. Ẹ wo ọmọ yín dáadáa nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan kan ilẹ̀, ìdí wà lókè, ojú wà lára bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ ọwọ́ center, ẹni tó máa ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback. Ojú ni o, kì í ṣe etí. Torí quarterback máa pariwo ẹ̀tàn kó lè fà á jáde kí àsìkò tó tó, tó bá sì fò, wọ́n ti gba yard márùn-ún lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ti mì báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti balẹ̀. Ọkùnrin tó wà níwájú ẹ̀, tackle, tó ń dáàbò bo quarterback, ó wọ̀n ju 300 pounds lọ, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a láyà, tó bá rí àyà yẹn mú, ó parí nìyẹn. Nítorí náà ọrùn ọwọ́ tackle lọmọ yín máa gbá, kì í ṣe apá, á gbá a dànù, á rẹ èjìká tó sún mọ́ tackle sílẹ̀ títí á fi fẹ́ẹ̀ fi kan ilẹ̀, á wá yípo igun yẹn pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀ tó dẹ̀gbẹ́. Gbogbo ẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀, torí bọ́ọ̀lù á ti lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò dé ibẹ̀. Á padà lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún ṣe é.

Ohun tó ń pa àwọn ọmọ nìyẹn, pé ìjákulẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ogunleye tó ní 15 yẹn, ìdíje 16 ni wọ́n ń gbá lọ́dún nígbà yẹn, kò tó ẹyọ kan nínú ìdíje kan, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dáa jù. Gbogbo ìgbà tó kù, ó sáré, wọ́n dá a dúró, ó dìde. Èyí tó wà níbẹ̀ tí kóòṣì girama kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé d-end tó mọ bá a ṣe ń lé quarterback nìkan, wọ́n máa ń gbé e jókòó ní down àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ẹni tó lè dúró sí ìta yẹn kó má jẹ́ kí asárébọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, tó ń jẹ́ kí wọ́n dà á padà sáàárín fún àwọn ẹlòmíì mú, ìyẹn ló ń wà lórí pápá. Kò sí sack nínú ìyẹn, kò sí fídíò orí Instagram, àmọ́ ojúmọ́ kan ò ní mọ́ kí kóòṣì NFL má wò ó.

Owó ńkọ́. NFL ní ẹgbẹ́ 32. Tí camp bá wọlé ní July, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kó tó ẹni 90 jọ, tó bá di ìparí August, wọ́n á já a sí 53. Àwọn díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n já á padà sínú practice squad, wọ́n ń bá wọn ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọn kì í wọ pápá àyàfi tí wọ́n bá gbé wọn sókè. Ní 2025 owó tó kéré jù fún ọmọ tuntun tó bá wà nínú 53 jẹ́ 840,000 dọ́là fún sáà, practice squad jẹ́ 13,000 lọ́sẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́ létí àbí? Àmọ́ ọ̀sẹ̀ 18 tí sáà fi ń lọ ni wọ́n pín in sí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n sì ń san. Ẹni tí wọ́n lé lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lé díẹ̀ ní 186,000 ló gbà, kì í ṣe 840,000. Kí owó orí ìjọba àpapọ̀ tó mú tiẹ̀, kí àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lọ gbá bọ́ọ̀lù tó mú tiwọn (bẹ́ẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gbá ìdíje kan ṣoṣo náà máa ń gba owó orí), kí éjẹ́ǹtì tó mú tiẹ̀ tó lè tó ìpín mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n kan á pè láti ilé pé òun ń kọ́lé.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye gọbọi tí wọ́n ń kọ sínú ìròyìn tàn yín jẹ. Iye tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á san, bí ọmọ náà bá farapa tàbí wọ́n lé e, ìyẹn guaranteed, òun ni owó. Èyí tó kù, tí wọ́n bá lé e lọ́la, ó ti di àlá. Kọ́ńtírààkì ọdún márùn-ún lè jẹ́ ọdún méjì ní ti gidi. Ẹni tí wọn ò mú ní draft, ọdún mẹ́ta ni tàkọ́kọ́ ẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí guaranteed níbẹ̀. Sáà mẹ́ta tó kúnjú ìwọ̀n ló sì máa lò kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí pension, ọ̀pọ̀ ló ń kúrò nígbà tó ku ẹyọ kan.

Ti ọpọlọ, ọmọ Nàìjíríà wa ló la ojú ayé sí i. Bennet Omalu, dókítà tó ń yẹ òkú wò ní Pittsburgh, òun ló yẹ ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù NFL tẹ́lẹ̀, wò ní 2002 tó rí àìsàn tí wọ́n ń pè ní CTE níbẹ̀, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń wá látinú kí orí máa kọlu nǹkan léraléra, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, NFL sì bá a fa á gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó gbá defense náà wọ inú ẹ̀, Dave Duerson tó jẹ́ safety kú ní 2011, Junior Seau tó jẹ́ linebacker kú ní 2012, àwọn méjèèjì ló pa ara wọn, wọ́n sì rí CTE lára ọpọlọ wọn. Ní 2017 àwọn oníṣègùn Boston University ní nínú ọpọlọ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL 111 táwọn yẹ̀ wò, 110 ló ní in. Ẹ má kà á bíi pé ẹni 110 nínú 111 tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló máa ní in o, ẹbí tó ti rí i pé nǹkan ń ṣe ẹni wọn ló máa ń fi ọpọlọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, àìsàn yẹn ò sì ṣeé mọ̀ dájú lára ẹni tó wà láàyè. Síbẹ̀ mi ò ní bá yín fi í ṣeré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà tí ọmọ bá dákú nìkan ló léwu. Àwọn tó wà lórí ìlà, wọ́n ń forí kan ara wọn díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbéra, ní pápá àti níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọdún lé ọdún. Ìdí nìyẹn tí NFL fi fọwọ́ sí i ní 2011 pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n á fi wọ gbogbo ìhámọ́ra ò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ nínú sáà. Ẹ bi kóòṣì ọmọ yín pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni òun ń jẹ́ kí wọ́n kọlu ara wọn. Tó bá ní ojoojúmọ́, ẹ wá ilé ìwé míì, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sì sọ fún ọmọ pé tí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí iná ń dun ojú ẹ̀ lẹ́yìn ìdíje, kó sọ ọ́. Wọ́n máa ń fi í pamọ́ torí kí wọ́n má gba ipò wọn.

Ẹ wá jẹ́ n bá dádì sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ ò ṣìwà hù. NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ pé nínú àwọn ọmọ yunifásítì tó yẹ kí wọ́n lè wọ draft lọ́dún kan, bí ìpín 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú. Àmọ́ ẹ má fi ìwé àti bọ́ọ̀lù jà síra wọn. Myron Rolle gbá safety ní Florida State, ó gba Rhodes Scholarship lọ Oxford, Tennessee Titans mú un ní ìpele kẹfà ní 2010, kò gbá ìdíje gidi kan ní NFL, ó padà lọ ka ìṣègùn, ó sì di dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Bọ́ọ̀lù ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Wàhálà tó wà nídìí pharmacy ni lab, ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ọ̀sán náà sì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn kóòṣì kan á sì rọra máa ti ọmọ kúrò nínú kọ́ọ̀sì tó bá dí wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bèèrè nígbà tí wọ́n bá wá sílé yín wá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù: èwo nínú àwọn ọmọ d-line wọn báyìí, ìyẹn àwọn tó ń gbá lórí ìlà bíi ti ọmọ yín, ló ń ka sáyẹ́ǹsì, ẹ ní ẹ fẹ́ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀.

Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà wà, àmọ́ tóóró ni. NFL ní ètò International Player Pathway fún àwọn tí kò sí ní Amẹ́ríkà, Osi Umenyiora tó gba Super Bowl méjì fún Giants sì ti ń wá ọmọ kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Kehinde Oginni Hassan, ọmọ Nàìjíríà tó ti ń gbá basketball tẹ́lẹ̀, ọ̀nà yẹn ló gbà dé Kansas City Chiefs ní 2023. Efe Obada tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní London náà, ibẹ̀ ló gbà dé Carolina, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ pápá gidi ní September 2018 ó mú quarterback Bengals kan, ó tún gba bọ́ọ̀lù wọn. Ìwọ̀nba ọmọ ni wọ́n ń mú lọ́dún o. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó kó owó wá kóun tó fi í sínú ètò yẹn, olè ni.

Fún tilé, sáà tó ń bọ̀ yìí ẹ jẹ́ kó gé fídíò ẹ̀ fún àwọn yunifásítì, kó má sì kó sack nìkan síbẹ̀, kó fi àwọn ibi tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù sáré bọ̀ lápá ẹ̀ tí kò kúrò lójú ibẹ̀ síbẹ̀. Tí lẹ́tà scholarship bá wá dé, kẹ́ ẹ tó yọ̀, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí àwọn kan jẹ́ ọdún kan tí wọ́n á máa tún ṣe, àwọn kan jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ẹ bi wọ́n pé tí orúnkún bá yẹ̀ ní ọdún kejì, ta ló ń san owó iléèwé ọdún kẹta. Kí wọ́n kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀, kí dádì kà á dáadáa kí ọmọ tó fọwọ́ sí nǹkankan.